Ẹni Tó Ń Gbọ́ Ìtàn ní Àgọ́-Àrẹ

Mo rántí ìgbà tí ọyẹ́ bo ìlú Ṣakí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òkè òkúta tó yí wa ká fi pòórá lójú wa fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ètè gbogbo ènìyàn ló sán, eruku sì jókòó sórí kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní ilé ìkàwé wa bí ẹni pé òun náà wá kàwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ènìyàn kò lè mọ̀ bí ó bá ti lè to orúkọ àti nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn àgbà ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀kọ ni mò ń jẹ.

Ilé ìkàwé náà kò tóbi. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú iná tó ń gba agbára oòrùn lórí òrùlé. Àwọn ìwé inú rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n a ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò ní, ìyẹn ìwé orí fóònù. Ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa lè jókòó sí Ìgbòho tàbí Òkèhò kó máa ka ìwé wa. Bí kò bá sì mọ̀wé kà, ó lè máa gbọ́ àwọn ìtàn tí a ti gba ohùn wọn sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, síbẹ̀ àwọn tó mọ̀ pé ó wà kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá wa, obìnrin onísùúrù kan tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ìwé, fi gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ní, "Wá bá wa mọ àwọn tó ń lò ó, kí a lè mọ bí a ó ṣe pe àwọn tí kò tíì lò ó."

Mo mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi bírò kọ, níbi tí orúkọ, ìlú àti iṣẹ́ olúkúlùkù wà, mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni mo so ó pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ń ṣe: nọ́ńbà tó ṣí ìwé, ìwé tó ṣí, aago tó ṣí i, àti ibi tó dé kó tó pa á. Kí n tó so wọ́n pọ̀, àwọn méjèèjì dákẹ́ bí òkúta. Nígbà tí mo so wọ́n pọ̀ tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo rí i pé àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn máa ń gbọ́ ìtàn láàárọ̀, nígbà tí ọwọ́ wọn bá wà lẹ́nu òfì. Mo rí i pé àwọn àgbẹ̀ Ìgbòho máa ń ṣí ìwé tó sọ nípa kòkòrò tó ń jẹ iṣu ní ọjọ́ tí òjò kò bá jẹ́ kí wọ́n lọ sóko. Mo wá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tí mo ti mọ̀ pé ó fẹ́. Wọ́n ń dáhùn, wọ́n sì ń sọ fún ẹlòmíràn. Àwọn tó ń lo ìwé orí fóònù wa ń pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ọ̀gá yìn mí, orí mi sì wú bí ìṣù búrẹ́dì.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ń ṣe ojú mi. Bí mo bá ń lọ lójú títì, n kì í rí ènìyàn mọ́, ìlà orí kọ̀ǹpútà ni mò ń rí. Ní ọjọ́ kan mo gbé aṣọ lọ fún ìyá aránṣọ kan nítòsí ọjà. Bí mo ti kí wọn tán, mo fi ẹ̀rín sí i pé, "Ẹ kú ìtọ́jú ara o, mà. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ti ń lọ sílẹ̀?" Ìwé tí wọ́n ń kà lórí fóònù wọn ló ti sọ fún mi. Sísáàsì tó wà lọ́wọ́ wọn dúró láàárín aṣọ. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n wo igun ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wo abẹ́ tábìlì, bí ẹni tó ń wá ẹnì kan tó sá pamọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ká aṣọ mi, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn. Mo bínú lọ sílé. Mo ní àwọn àgbàlagbà kò mọ oore.

Láàárín gbogbo àwọn ìlà wọ̀nyẹn, ọ̀kan wà tí kò jọ ìyókù. Orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ ni Ìyá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Àgọ́-Àrẹ. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, nọ́ńbà yẹn á ṣí ìtàn kan náà. Á gbọ́ ọ dé ìṣẹ́jú kẹsàn-án, á sì pa á. Kò ṣí ìtàn mìíràn, kò fo ọjọ́ kankan. Ọjọ́ Jímọ̀ ni o, ọjọ́ Iléyá ni o, ó wà níbẹ̀. Ó wá di àṣà fún mi láti máa dúró dè é. Ìlà náà á yọ, ìṣẹ́jú á bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nígbà tó bá sì di mẹ́sàn-án, á dúró gbọn-in, bí ẹni tí wọ́n pè láti yàrá kejì. Irun ọrùn mi máa ń dìde díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọyẹ́ ni.

Ìtumọ̀ tí mo fún un kò le rárá. Mo ní ìyá àgbà yìí kò mọ bí a ti í lo fóònù, kò sì mọ̀ pé ìtàn náà ṣì kù púpọ̀. N kò ronú pé kí n fi etí ara mi gbọ́ ìtàn náà. Mo mọ ọjọ́, mo mọ wákàtí, mo mọ ìṣẹ́jú, àfi ohun tí ìtàn ń sọ nìkan ni n kò mọ̀. Mo jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i. Mo yọ orúkọ ilé ìkàwé kúrò níbẹ̀, kí ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ohun tí mo kọ nìyí: "Ìyá Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ń rí i pé ibì kan náà lẹ máa ń dúró sí. Ẹ má dúró níbẹ̀ mọ́. Ohun tó kù ń retí yín."

Lẹ́yìn àlàásárì ọjọ́ yẹn, ìlà náà kò yọ. Dípò rẹ̀, ìdáhùn ló wọlé sórí fóònù ilé ìkàwé: "Ta lẹ̀yin tí ẹ ń wò wá?"

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi pé, "Ó dáhùn," mo sì lọ sílé láìfèsì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ránṣẹ́ sí wa, nítorí wọ́n fẹ́ kí gbogbo wọn máa lo ìwé orí fóònù. Mo so ti wọn pọ̀ mọ́ méjèèjì tó wà nílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ parí iṣẹ́ rẹ̀, mo wá ìlà tí mo fẹ́ràn lọ. Orúkọ náà nìyẹn, nọ́ńbà náà nìyẹn, ìtàn ojoojúmọ́ náà nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, láti inú ìwé àwọn alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ tuntun kan wà níbẹ̀: olóògbé. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti kọ ọ́.

Mo wò ó títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Oṣù mẹ́jọ! Gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń dúró dè é wà nínú oṣù mẹ́jọ yẹn. Mo pe ọ̀gá. Wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n kà á, wọ́n wá bi mí pé, "Ìtàn tí wọ́n ń gbọ́ yẹn, ṣé o ti gbọ́ ọ rí?" Mo ní rárá. "Ṣí i."

Ohùn obìnrin àgbà kan ló ń sọ ìtàn náà, ohùn tó rọ̀ tó sì dá ṣáká. A kò mọ ẹni tó ni ín, nítorí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ṣáájú mi kò kọ orúkọ sí i. Ìtàn ìjàpá àti àna rẹ̀ ni. A jókòó, a ń gbọ́ ọ. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ohùn náà dá ìtàn dúró lójijì. Ó rẹlẹ̀, ó wá sún mọ́ wa bí ẹni pé ó yíjú sí wa. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá wọn, ẹ bá mi ti fèrèsé yẹn. Atẹ́gùn ń wọlé." A gbọ́ tí nǹkan ró gbì. Lẹ́yìn náà ni ìtàn ń bá a lọ.

Àwa méjèèjì wo fèrèsé. Títì ló wà.

Ọ̀gá pa ìtàn náà. Wọ́n ní, "O kọ̀wé sí òkú, ẹnì kan sì dá ọ lóhùn. Bí kì í bá ṣe òkú, a jẹ́ pé alààyè kan wà nínú ilé yẹn tí o ti dẹ́rù bà. Èwo nínú méjèèjì ló ní kó o ṣì jókòó síbí?"

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Ojú ọ̀nà funfun fún ọyẹ́, àwọn igi ẹmi àti igbá kàn ń yọ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan ni, wọ́n á tún pa rẹ́ lẹ́yìn wa. Mo béèrè ilé Ìyá Tíṣà, wọ́n sì fi hàn mí. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìborùn rẹ̀ ti já sí èjìká, ó ń wo òpópónà síwá sẹ́yìn. Ìyàwó ọmọ ilé ni.

"Ẹ kúulé o. Ṣé ilé Ìyá Tíṣà nìyí?"

"Ìyá ti kú. Ẹ̀yin ta ni?"

"Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn lánàá."

Ó gbé ọwọ́ lérí. "Háà! Ènìyàn ni yín?"

Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ohùn inú ìtàn náà, ti Ìyá Tíṣà ni. Nínú yàrá wọn ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ọdún tó ṣáájú èyí tí wọ́n kú. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin wọ́n, ọkọ wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fóònù wọn. Bí Bàbá bá ti kírun àlàásárì tán, wọ́n á wọ yàrá ìyàwó wọn lọ, wọ́n á ṣí fèrèsé sílẹ̀, wọ́n á sì tẹ ìtàn. Bí ohùn náà bá ti ní kí wọ́n ti fèrèsé, wọ́n á pa fóònù, wọ́n á dìde, wọ́n á tì í. "Kí Ìyá lè rí nǹkan bẹ̀ wọ́n ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ ṣí i," ni ìyàwó ilé wí. "Kò ṣe wá ní ibi kankan. A fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Lánàá, òun ló ka ọ̀rọ̀ mi fún wọn, nítorí Bàbá kò mọ̀wé kà. Wọ́n ní kí ó tún un kà. Wọ́n ní kí ó béèrè ẹni tó ń wo àwọn. "A dúró de ìdáhùn yín títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ ò sọ nǹkan kan. Bàbá wá ní ẹni tí kò lórúkọ, tó mọ ibi tí àwọn máa ń dúró sí, tó ní ohun tó kù ń retí àwọn, ta ni yóò tún jẹ́? Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà òní, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n mú fóònù náà, wọ́n jáde. Ọkọ mi àti àwọn ará àdúgbò ti wá wọn lọ sí ọ̀nà odò. Ẹ wo ìgbà tí a wà yìí."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo tọrọ àforíjì. A wà bẹ́ẹ̀ pẹ́, à ń fojú sọ́nà fún àwọn tó lọ sọ́nà odò. Ládàánì ti pe àlàásárì, àwọn èrò mọ́ṣáláṣí sì ti ń tú ká, nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀gá ni.

"Ìlà rẹ ti yọ," ni wọ́n wí. "Ìtàn náà ló ń gbọ́." Mo mọ̀ pé wọ́n ń wo ìṣẹ́jú. "Ó ti di mẹ́sàn-án... Kò dúró o. Ó ti kọjá mẹ́sàn-án."

N kò mọ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyàwó ilé, ṣùgbọ́n ó yé e kíá. Ó ní fóònù kì í ṣiṣẹ́ lọ́nà oko, àfi ní orí òkè kan ṣoṣo, níbi tí abúlé kan wà tẹ́lẹ̀ kí ó tó di ahoro. Ibẹ̀ ni Ìyá ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà. Ibẹ̀ náà ni Bàbá, tó jẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀, ti rí wọn. Ọlọ́kadà kan gbé àwa méjèèjì. Bí a ti ń gùn ún lọ, òórùn èéfín ń pọ̀ sí i, nítorí àwọn ọdẹ ti sun ìgbẹ́ lápá ibẹ̀, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń darí iná náà sí òkè.

A kò tíì rí ènìyàn kankan tí a fi gbọ́ ohùn Ìyá Tíṣà. Nínú èéfín, láàárín koríko gbígbẹ tó ga ju wá lọ, ohùn obìnrin tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ ń sọ ìtàn ìjàpá jẹ́jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí ó rẹ́rìn-ín. Ọlọ́kadà dúró. Ó ní òun kò ní í lọ síwájú mọ́. Ìyàwó ilé dì mí lọ́wọ́ mú, a sì ń tọ ohùn náà lọ títí a fi dé ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò ní òrùlé mọ́. Bàbá jókòó sórí òkúta nínú rẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri tí pátákó ìkọ̀wé ti wà rí, bí akẹ́kọ̀ọ́. Fóònù wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ìtàn náà parí bí a ti wọlé. Ibi gbogbo wá dákẹ́, a sì ń gbọ́ iná tó ń ta nísàlẹ̀ òkè.

"Bàbá," ni mo wí, "èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáríjì mí."

Wọ́n wò mí. Ojú wọn kò ní ìbínú. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí?"

Mo ṣàlàyé bí mo ti lè ṣe é, nípa ẹ̀rọ, nípa nọ́ńbà, nípa ìṣẹ́jú. Àlàyé tó máa ń dùn lẹ́nu mi ní ilé ìkàwé di ẹrù nínú ahoro yẹn.

"Ṣé ẹ ń rí mi nígbà tí mo bá ń gbọ́ ọ?"

"A ò rí yín, Bàbá. A kàn ń mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ ni."

Wọ́n mi orí. "Ohun tí èmi náà ń sọ nípa Ìyá wọn nìyẹn, tí wọ́n ní orí mi ti ń dàrú."

Ìyàwó ilé sunkún, ó fà wọ́n dìde, a sì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè náà kí iná tó dé ibi tí a ti kúrò. Ọjọ́ mọ́kànlá ni àìsàn fi dá wọn gúnlẹ̀, nítorí wọn kò mu omi láti àárọ̀, èéfín sì ti wọ̀ wọ́n láyà. Èmi àti ọ̀gá lọ kí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kejì, mo ní bí wọ́n bá fẹ́, n ó yọ orúkọ àti nọ́ńbà náà kúrò nínú ẹ̀rọ pátápátá. Bàbá ronú sí i. "Ẹ fi í síbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́."

Nígbà tí a padà sí Ṣakí, a kọ ọ̀rọ̀ sí gbogbo ẹni tó wà nínú àkójọ wa. A sọ orúkọ ilé ìkàwé, a sọ ohun tí a mọ̀ nípa wọn àti bí a ti mọ̀ ọ́n, a sì ní ẹni tí kò bá fẹ́ kí a mọ̀ ọ́n kí ó sọ fún wa. Ọ̀pọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, a sì yọ wọ́n. Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ di ìdajì. Ọ̀gá kò bá mi wí. Wọ́n kàn ní ẹyin lọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu nìkan ló sì ti ń bọ́.

Ìlà Àgọ́-Àrẹ ń yọ lójoojúmọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, ó sì tún ń dúró ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án. Ó tó ọdún méjì bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àlàásárì kọjá, kò yọ. Mo dúró fún wákàtí kan. Kò sí ẹni tó pè wá, kò sí ẹni tó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀, n kò sì mọ ohun tí ènìyàn ń fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. N kò kọ̀wé. Mo gun ọ̀kadà lọ.

Wọ́n ń gbẹ́ sàréè lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Ọmọ Bàbá rí mi, ó dá ọwọ́ dúró. "Ta ló sọ fún yín? A ò tíì ránṣẹ́ kọjá òpópónà yìí."

Mo ní, "Ọkàn mi ló sọ ọ́."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Ìyàwó ilé tilẹ̀ sọ fún àwọn tó wá kí wọn pé ìfẹ́ ló mú mi mọ̀, àti pé mo ti di ọmọ ilé. Wọ́n bu omi fún mi, wọ́n fún mi ní àga láàárín àwọn ọmọ. Mo jókòó níbẹ̀, ojú sì ń tì mí.

Ọdún ti gorí ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó ń lo ìwé orí fóònù wa sì ti pọ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ. Mo ti ro ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́bàá sàréè yẹn títí, n kò sì lè sọ bóyá irọ́ ni tàbí òótọ́. Ènìyàn kò lè máa fojú sọ́nà fún ẹnì kan lójoojúmọ́ fún ọdún méjì kí ó má di ẹni rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ báyìí, mo máa ń pa kọ̀ǹpútà, mo máa ń jáde síta lọ bá àwọn tó jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé ìkàwé. Mo máa ń kí wọn, mo máa ń jókòó tì wọ́n, ìwọ̀nba èyí tí wọ́n bá sì fẹ́ fi ẹnu ara wọn sọ fún mi nípa ara wọn, òun ni mò ń gbọ́.